Ẹrù Òkú, Íjíbítì àti Àwa: Àtúnyẹ̀wò Ìwé J. Olúmìdé Lucas fún Àwọn Òjíṣẹ́ Ọlọ́run

Ìwé kan wà tí kì í wọ́n nínú iṣẹ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń kọ lórí ẹ̀sìn ìbílẹ̀. Ìwé náà ni The Religion of the Yorubas, tí Àlùfáà J. Olúmìdé Lucas kọ, tí ilé ìtàwé C.M.S. ní Èkó sì tẹ̀ jáde ní 1948. Ẹni tí kò rí ìwé náà sójú rí pàápàá ti gbọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀ láti orí àga ìwàásù: pé Íjíbítì ni àwọn baba wa ti ṣẹ̀ wá, pé òrìṣà Íjíbítì ni òrìṣà Yorùbá, àti pé ohunkóhun tí Yorùbá bá ń ṣe fún òkú, ọ̀dọ̀ Fáráò ni wọ́n ti kọ́ ọ. A ti gbọ́ ọ ní Ṣàngó, a ti gbọ́ ọ ní Ọ̀tà. Àwa náà ti wàásù rẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ yẹ ìwé náà wò fún ẹ̀yin tí a ó fi òróró yàn láìpẹ́ àti ẹ̀yin tí ẹ ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Ìwé náà ti pẹ́, ṣùgbọ́n ó ṣì ń ṣiṣẹ́ létí ibojì.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ bí ó ṣe ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ wa. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, díákónì kan nínú ìjọ wa sùn nínú Olúwa. Ilé iṣẹ́ irin kan lágbègbè Ọ̀tà ni ó ti ń ṣiṣẹ́, iṣẹ́ òru ni wọ́n sì máa ń yàn fún un jù. Nígbà tí a tẹ́ ẹ sílẹ̀ kí àwọn ènìyàn wò ó, màmá rẹ̀ tó ti abúlé wá sún mọ́ pósí, ó sì fi ẹrù kékeré kan sí ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀. A ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò. Wọ́n tú u lójú gbogbo ènìyàn: abọ́ tánganran kan, táwẹ̀lì kan, òòyà, àti owó bébà díẹ̀. A gba gbohùngbohùn, a sì sọ fún ìjọ pé ohun tí wọ́n rí yẹn ni ẹ̀sìn Íjíbítì tí ó bá àwọn baba wa wá, tí Olúwa sì ti mú wa jáde kúrò nínú rẹ̀. Ìjọ ṣe àmín. Màmá kò wí nǹkan kan.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ a lọ kí wọn. Wọ́n ní, "Pásítọ̀, mi ò bọ òrìṣà kankan o. Abọ́ tó fi ń jẹun láti kékeré nìyẹn. Òru ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ níbi tó wà, ìgbà tó bá dé, oúnjẹ á ti tán. Mo ní kó má lọ débẹ̀ kó má rí nǹkan fi gba oúnjẹ ni."

A kò rí èsì fọ̀. Nígbà tí a dé ilé ni a rántí pé aago aláwọ̀ wúrà tí kọ́ḿpáànì fi ta díákónì náà lọ́rẹ fún ọdún mẹ́wàá iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú pósí kan náà, pẹ̀lú kóòtù tuntun àti bàtà tí kò fi tẹ ilẹ̀ rí. Kò sí ẹni tó yọ ìyẹn. Àwa fúnra wa ni a gbàdúrà lé pósí náà lórí. Kí ló dé tí abọ́ fi jẹ́ ti Íjíbítì, tí aago kò sì jẹ́ ti Íjíbítì? Ìbéèrè yẹn ló gbé wa padà sídìí ìwé Lucas.

Ohun tí Lucas ń wá

Ẹ má jẹ́ kí a fi ojú kékeré wo ọkùnrin náà. Òjíṣẹ́ Ọlọ́run ni, ọmọ Yorùbá ni, ó sì kó ọ̀pọ̀ ìmọ̀ jọ lórí òrìṣà, lórí ìbọ̀wọ̀ fún àwọn baba ńlá, àti lórí ohun tí Yorùbá gbà pé ó so pọ̀ di ènìyàn. Ní àkókò tirẹ̀, àwọn òyìnbó kan ń kọ ọ́ pé aláwọ̀ dúdú kò ní ìtàn, pé igi àti òkúta lásán ni a ń bọ. Àlùfáà Samuel Johnson, tó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897 kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921, ti tọ́ka sí apá òkè Íjíbítì àti Núbíà ṣáájú rẹ̀. Lucas gba ọ̀nà yẹn, ó sì rìn ín dópin. Bí a bá lè so Yorùbá mọ́ Íjíbítì, a jẹ́ pé a so wọ́n mọ́ ìlú tí òyìnbó fúnra rẹ̀ ń bọ̀wọ̀ fún. Ní 1922, ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n péré kí ìwé Lucas tó jáde, ni Howard Carter rí ibojì Tutankhamun, ohun tó lé ní 5,000 sì wà nínú rẹ̀. Gbogbo ayé ń sọ̀rọ̀ Íjíbítì. Kí ló dé tí ọmọ Yorùbá kò ní sọ ọ́?

Èrò rere ni. Ṣùgbọ́n èrò rere kò sọ ẹ̀rí tí kò dúró di ẹ̀rí tó dúró. Ẹ̀rí tí Lucas kó jọ pín sí èdè, ìgbàgbọ́, àṣà àti orúkọ. Ẹ jẹ́ kí a mú èdè àti àṣà.

Èdè

Ní 1822 ni Jean-François Champollion rí ojútùú sí bí a ṣe ń ka ìwé alàwòrán Íjíbítì. Ìwé yẹn kì í kọ fáwẹ̀lì. Kọ́ńsónáǹtì nìkan ni ó ń kọ. Fáwẹ̀lì tí a ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ọ̀mọ̀wé lónìí, àwọn ni wọ́n fi sí i kí wọ́n lè rí i pè. Yorùbá ńkọ́? Orí fáwẹ̀lì àti àmì ohùn ni èdè wa dúró lé. Ẹ yọ wọ́n kúrò lára ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀, oko, ìka, àká àti ikú, kí ẹ wo ohun tó kù: K kan ṣoṣo. Íjíbítì sì ní ọ̀rọ̀ kan, ka, tí wọ́n fi ń pe agbára ìyè inú ènìyàn. Èwo nínú ọ̀rọ̀ wa ni ìbátan rẹ̀? Ẹni tó bá fẹ́ ìbátan yóò mú èyí tó wù ú, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé irọ́ ló pa. Ọ̀nà ìwádìí tí kò lè sọ fún ni pé rárá, kò lè sọ fún ni pé bẹ́ẹ̀ ni.

Láti ìgbà náà, àwọn onímọ̀ èdè ti fi èdè Íjíbítì sínú ẹbí kan pẹ̀lú Hébérù, Lárúbáwá àti Haúsá. Inú ẹbí mìíràn ni Yorùbá wà, pẹ̀lú Ìgbò, Ẹ̀dó àti Núpé. Àwọn aládùúgbò wa ni ìbátan wa.

Àṣà

Ní ti àṣà, a ó fún Lucas ní ẹ̀rí kan láti ọwọ́ ara wa, kí ẹ lè rí bí ó ṣe rọrùn tó láti ṣìnà. Àwọn ará Íjíbítì a máa fi ère kéékèèké sínú ibojì, tí wọ́n ń pè ní shabti. Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí i lára pé bí wọ́n bá pe òkú láti wá ṣiṣẹ́ oko ní ayé kejì, ère náà ni yóò dáhùn dípò rẹ̀. Ère 413 ni wọ́n bá nínú ibojì Tutankhamun. Nígbà tó yá, ó di àṣà àwọn ọlọ́rọ̀ láti ní 401. Irúnmọlẹ̀ tí Yorùbá ń kà, òkànlénírínwó ni: igba lápá ọ̀tún, igba lápá òsì, ẹyọ kan lé e. 401 níhìn-ín, 401 lọ́hùn-ún!

Bí a bá sọ èyí lórí àga ìwàásù, ìjọ yóò pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí a ṣe dé iye yẹn. Ti Íjíbítì jẹ́ òṣìṣẹ́ 365, ọ̀kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan nínú ọdún, àti alábòójútó 36, ọ̀kan fún bí òṣìṣẹ́ mẹ́wàá-mẹ́wàá. Ẹni tó bá ti rí bí wọ́n ṣe ń pín òṣìṣẹ́ sábẹ́ ọ̀gá ní ilé iṣẹ́ Ọ̀tà yóò lóye ìṣirò yẹn kíákíá. Ti Yorùbá kì í ṣe ìṣirò ọjọ́ tàbí ti òṣìṣẹ́. Irínwó dúró fún ọ̀pọ̀ tí a kò lè kà tán, ẹyọ kan tó lé e sì ń sọ pé ààyè ṣì wà. Iye bára mu, ìtumọ̀ kò bára mu. Irú ẹ̀rí báyìí ni èyí tó pọ̀ jù nínú ìwé Lucas: ó dúró nígbà tí ohun méjì jọra lójú, kò bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń ṣe níbi tí wọ́n wà.

Bí a bá sì bi wọ́n, ìyàtọ̀ ni a ó bá. Òkú ọlọ́lá ní Íjíbítì kò gbọdọ̀ jẹrà. Wọ́n á fi oògùn àti aṣọ ọ̀gbọ̀ tọ́jú rẹ̀, nítorí pé inú ara yẹn ni ka rẹ̀ yóò máa padà sí, inú ibojì sì ni yóò ti máa lo ẹrù tí wọ́n dì fún un. Òkú Yorùbá kì í gbé inú ibojì. Inú ilé ni wọ́n ń sin baba sí, lábẹ́ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ rẹ̀. Ó ń lọ sọ́run, ó ń bọ̀ wá bí Babátúndé, ó ń yọ nínú ẹ̀kú egúngún. Wọ́n á sọ fún un pé kó má jẹ ọ̀kùn, kó má jẹ ekòló, pé ohun tí wọ́n bá ń jẹ lọ́run ni kó bá wọn jẹ. Ọ̀rọ̀ ìyá tí ń rán ọmọ lọ sájò nìyẹn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni tí ń kó ẹrù sí àká. Ọ̀rọ̀ Màmá lórí abọ́ tánganran kò jìnnà sí i. A kò sọ pé ọ̀rọ̀ náà bá Ìhìnrere mu. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹni tó bá pè é ní Íjíbítì kò tíì gbọ́ ọ.

Bọ́lájí Ìdòwú, nínú ìwé rẹ̀ Olódùmarè: God in Yoruba Belief tó jáde ní 1962, gba ọ̀nà mìíràn. Ó wá ìgbàgbọ́ Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ ẹnu Yorùbá. A ní àríyànjiyàn tiwa pẹ̀lú ìwé náà, ṣùgbọ́n níbẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò ti rí i pé àwọn baba wa gbà pé ènìyàn yóò jíhìn ohun tó fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe láyé, pé ọ̀run rere wà, ọ̀run àpáàdì sì wà. Òjíṣẹ́ Ọlọ́run tó mọ èyí ní ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ ìwàásù. Èyí tó ní Íjíbítì nìkan lẹ́nu kò ní.

Níbi tí a ti jọra ní tòótọ́

Ibì kan wà tí Íjíbítì àti àwa ti jọra, Lucas kò sì ní láti lọ sí ìdí orírun kó tó rí i. Nǹkan bí 3000 ọdún ṣáájú ìbí Kristi, ní Abydos, wọ́n sin ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìránṣẹ́ yí ibojì ọba Djer ká. Ibojì wọn lé ní 300. Ní Ìgbò-Ukwu, nílẹ̀ Ìgbò níhìn-ín, Thurstan Shaw wa ilẹ̀ ní 1959 sí 1960, ó sì bá yàrá ibojì ẹni ńlá kan, èyí tí a kà sí nǹkan bí ọ̀rúndún kẹsàn-án. Ìlẹ̀kẹ̀ tó lé ní 100,000 wà níbẹ̀ àti eyín erin, òkú ènìyàn tó tó márùn-ún ó kéré tán sì wà lókè rẹ̀. Ní Ọ̀yọ́, Johnson ròyìn àwọn tó máa ń bá Aláàfin kú. Nígbà tí Aláàfin Ṣíyanbọ́lá Ládìgbòlù wàjà ní December 1944, ìjọba òyìnbó ló dá Olókùn Ẹṣin dúró ní oṣù tó tẹ̀lé e kó má baà bá ọba lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn ni Dúró Ládiípọ̀ fi ṣe Ọba Wàjà ní 1964, tí Wọlé Ṣóyínká sì gbé eré Death and the King's Horseman kà ní 1975. Wọ́n ṣe irú rẹ̀ ní Ùrì àwọn ará Kálídíà, níbi tí Ábúráhámù ti jáde wá. Wọ́n ṣe é ní ilẹ̀ Ṣáínà.

Kò sí ẹni tó ní láti kọ́ èyí láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan. Níbikíbi tí agbára bá ti pọ̀ jù lọ́wọ́ ènìyàn kan, ó máa ń rò pé òun lè di ènìyàn mìíràn bí ẹrù, kí òun gbé e lọ. Ẹ̀ṣẹ̀ Ádámù ni, kì í ṣe ogún Íjíbítì. Bí a bá sì sọ ọ́ di ogún Íjíbítì, a ti rọra yọ ara wa kúrò nínú ẹ̀sùn: ohun àjèjì ni, àwọn baba wa ló gbé e wá, àwa ti jáde.

Yímíyímí orí àyà

Ohun kan wà nínú ibojì Íjíbítì tó dá ẹ̀rù bà wá ju ère 401 lọ. Wọ́n gbà pé wọ́n yóò gbé ọkàn òkú sórí òṣùwọ̀n níwájú Osiris, ìyẹ́ òtítọ́ yóò wà ní apá kejì. Bí ọkàn bá wúwo jù, ẹranko kan ń bẹ níbẹ̀ tí yóò gbé e jẹ. Nítorí náà wọ́n á fi òkúta gbẹ́ yímíyímí, wọ́n á sì fi sí àyà òkú. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sí i lára ń bẹ ọkàn náà pé kó má dìde jẹ́rìí lòdì sí olúwa rẹ̀ lọ́jọ́ ìdájọ́.

Ẹ rò ó wò. Wọ́n mọ̀ pé ìdájọ́ ń bọ̀. Wọ́n mọ̀ pé wúrà kò lè ra òṣùwọ̀n yẹn. Ohun tí wọ́n wá wá ni ohun tí yóò pa ọkàn lẹ́nu mọ́.

A bi ara wa léèrè bóyá irú yímíyímí bẹ́ẹ̀ wà nínú ìjọ wa. Ó wà, inú ìwé ètò ìsìnkú ni a ń tẹ̀ ẹ́ sí. Ìtàn ìgbésí ayé òkú tí a ń kà lójú ìjọ ni. Ọkùnrin tó lé ìyàwó rẹ̀ jáde di olólùfẹ́ ilé. Ẹni tó jẹ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní owó oṣù mẹ́fà di baba aláàánú. Aya àti àwọn òṣìṣẹ́ wà lórí ìjókòó, wọ́n ń gbọ́. Pásítọ̀ yóò tún dìde, yóò ní òun mọ̀ dájú pé arákùnrin wa ti wà ní àyà Ábúráhámù. A fi òkúta sí òkú láyà, a ní kí gbogbo ẹlẹ́rìí dákẹ́. Abọ́ tánganran Màmá kò pa ẹ̀rí kankan mọ́lẹ̀. Ìwé ètò wa ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Kí ni kí a wá ṣe?

Ìwé Mímọ́ mọ Íjíbítì ju Lucas lọ. Wọ́n fi oògùn tọ́jú òkú Jósẹ́fù, wọ́n sì fi í sínú pósí ní Íjíbítì (Jẹ́nẹ́sísì 50:26). Ìwé Mímọ́ kò bú u nítorí èyí. Ohun tí Hébérù 11:22 yìn ni pé ó pàṣẹ nípa egungun rẹ̀: kò fẹ́ kí ibojì Íjíbítì jẹ́ ìpẹ̀kun òun. Deuteronómì 26:14 sì ní kí ẹni tó mú ìdámẹ́wàá wá jẹ́wọ́ pé òun kò mú nínú rẹ̀ fún òkú. Òfin náà ń ṣọ́ ohun tí a ti yà sọ́tọ̀ fún Ọlọ́run àti fún àwọn aláìní, pé kó má bọ́ sínú ibojì. Pásítọ̀ tó ń jẹ́ kí opó yá owó ra pósí onídẹ, kí owó ilé ìwé àwọn ọmọ sì di èyí tí kò sí mọ́, kó ka ẹsẹ yẹn dáadáa.

Ẹ tún ka Máàkù 14. Obìnrin kan da òróró iyebíye sórí Jésù. Àwọn tó wà níbẹ̀ bínú sí i, wọ́n ní ìfiṣòfò ni; wọ́n sì ní ẹ̀rí tó dára, nítorí wọ́n mẹ́nu kan àwọn tálákà. Olúwa ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ó gba ohun tí obìnrin náà ṣe bí ìpèsè fún ìsìnkú òun. Ó kọ́kọ́ rí ìfẹ́ tó wà nínú rẹ̀ kó tó sọ ìtumọ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí a tú ẹrù Màmá lójú ìjọ, ẹ̀gbẹ́ àwọn tó ń bínú ni a wà.

Nítorí náà, kí ẹ tó yọ ohunkóhun kúrò nínú pósí, ẹ bi ẹni tó fi í síbẹ̀ léèrè, níkọ̀kọ̀, pẹ̀lú ọ̀wọ̀: "Màmá, kí lẹ fẹ́ kó fi èyí ṣe?" Bí ó bá jẹ́ àsopọ̀ pẹ̀lú òrìṣà tàbí májẹ̀mú òkùnkùn, ìdáhùn yóò fi hàn, ẹ ó sì mọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe. Bí ó bá jẹ́ ìbẹ̀rù pé ebi yóò pa ọmọ òun, a jẹ́ pé ìwàásù yín ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ sọ fún wọn nípa ilé Baba tí iṣẹ́ òru kò sí, níbi tí Ọ̀dọ́ Àgùntàn fúnra rẹ̀ ti ń bọ́ àwọn tirẹ̀ (Ìfihàn 7:16-17). Lẹ́yìn náà, wọ́n lè mú abọ́ náà fúnra wọn. Ẹ sì fi ojú kan náà wo aago ọwọ́, pósí onídẹ àti ìwé ètò.

Ìwé Lucas ṣì yẹ ní kíkà nítorí àwọn ohun tó kó jọ. Kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe gba ìbéèrè rẹ̀ ní ìbéèrè tirẹ̀. Ó ń béèrè ibi tí àṣà ti wá. Ohun tí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ ń bẹ̀rù ni ó yẹ kí olùṣọ́ àgùntàn béèrè.

Nígbà tí Pétérù wọ inú ibojì Olúwa, ó bá aṣọ ọ̀gbọ̀ nílẹ̀, ó sì bá gèlè tó wà ní orí rẹ̀ ní ká sí ibì kan lọ́tọ̀ (Jòhánù 20:6-7). Gbogbo ẹrù tí wọ́n dì fún Jésù, ó fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Kò lo èyíkéyìí nínú rẹ̀.

A ti padà lọ sọ èyí fún Màmá, a sì ti tọrọ àforíjì. Abọ́ tánganran náà wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù nílé wọn báyìí. Ọmọ ọmọ wọn ló ń fi jẹun.